Ọjọ́ tí A Ní Ká Sinmi ní Ìlobù

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin tí ẹ ní a ti ya wèrè lọ́jọ́ tí a dágbére, a ti dé o. Láti ìgbà tí mo ti dé ni ẹ ti ń bi mí nípa Ìlọrin: báwo ni ìlú náà ti rí, kí ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀. Ìlọrin dára. Ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó tí mo ronú ìrìn yìí, kì í ṣe Ìlọrin ló ń wá sí mi lọ́kàn. Ọjọ́ tí a kò rìn rárá ni, ọjọ́ tí a ní ká fi sinmi ní Ìlobù lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ wa. Ohun tí ojú mi rí níbẹ̀, ẹnu ṣì ń yà mí di ìsinsìnyí.

Ẹni tí kò bá mọ̀ wá, èmi àti Káyọ̀dé ni. Tíṣà ni àwa méjèèjì, ilé ìwé kan náà la ti ń kọ́ni ní Ìjẹ̀bú-Òde. Lọ́dún tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lápá òsì bọ́ sápá ọ̀tún ni Káyọ̀dé dédé sọ pé àwọn bàbá àgbà wa máa ń fẹsẹ̀ rìn dé Ìlọrin lọ tajà, pé kí ló ṣe wá tí àwa kò lè rìn ín. Èmi tí n kì í fẹ́ kí wọ́n pè mí ní ọ̀lẹ, mo ní ó yá. Nígbà tí ilé ìwé gba ìsinmi gígùn, a gbéra. Ìyá àgbà Káyọ̀dé fún un ní agolo iyọ̀ kékeré kan, ó ní ẹni tó bá ń rìn jìnnà tó ń làágùn, kó máa tọ́ iyọ̀ lá. Àpò ṣòkòtò rẹ̀ ni agolo náà ń gbé.

Ojú ọ̀nà

Nílẹ̀ wa yìí, kò sẹ́ni tó gbà pé ènìyàn lè máa fẹsẹ̀ rìn nítorí pé ó wù ú. Awakọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì mọ ọ̀tún yàtọ̀ sósì á dúró, á yọrí síta, á ní, “Ẹ̀yin ọ̀gá, ṣé owó ọkọ̀ ló tán ni? Ẹ wọlé jàre.” Bí a bá ní rárá, á wò wá bíi pé kó pariwo olè.

Ìyá kan lẹ́bàá ọ̀nà Ìwó fún wa lómi mu. Ó jókòó tì wá, ó rọra béèrè pé, “Ta ló kú?” A ní kò sẹ́ni tó kú, mà. Ìyá náà mi orí, ó ní òún mọ̀, wọ́n ní ká má tíì sọ ọ́ ni. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa sunkún. Káyọ̀dé aláìnítìjú náà bá a sunkún, nítorí ó ti rí i pé àkàrà wà nínú igbá lẹ́yìn ìyá náà. A jẹ àkàrà náà ni o, n kò ní purọ́.

Nígbà tí a fi kọjá Òṣogbo, ìléròrò ti bo àtẹ́lẹsẹ̀ mi, mo sì ti ń bá Káyọ̀dé jà lórí ohun gbogbo, títí kan bó ṣe ń súfèé. A mọ̀ pé bí a kò bá sinmi, ọ̀kan nínú wa á pa èkejì kí a tó rí Ògbómọ̀ṣọ́.

A wọ Ìlobù

Mùfútáù ló ń retí wa ní Ìlobù. A jọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ tíṣà ni, ọ̀rẹ́ gidi ni. Ìrọ̀lẹ́ la dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń pọ́n àdá. A dọ̀bálẹ̀ fún un.

“Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú. Ṣé lóòótọ́ lẹ fẹsẹ̀ rìn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Ó dáa.” Ó padà sídìí àdá rẹ̀. Èmi tí mo ti ń retí kí wọ́n yìn mí láti Ìjẹ̀bú, ó dùn mí díẹ̀.

Mùfú ti kọ̀wé sí wa pé ìyàwó òun, Àṣàkẹ́, yóò bímọ láìpẹ́. Ó ti bí i lóòótọ́, ọmọkùnrin. Lọ́jọ́ tí a dé yìí, ọ̀túnla ni wọn yóò sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ̀yin náà mọ bí a ti ń kí ilé tí a ti bímọ. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, mo fi gbogbo ohùn mi pariwo pé, “Ẹ kú ọwọ́ lómi o!”

Àṣàkẹ́ gbé ọmọ lẹ́sẹ̀. Ó wò mí, omi sì ń dà lójú rẹ̀ pòròpòrò. Àwọn obìnrin tó jókòó tì í yíjú sí ògiri. Bàbá tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ dá àdá pípọ́n dúró. Ìtìjú bò mí, n kò sì mọ ohun tí mo ṣe.

Ìfọ́n kò jìnnà

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọjọ́ ìsinmi wa gan-an, ni Mùfú pè wá sẹ́yìnkùlé, ó ṣàlàyé. Ọmọ Ìfọ́n ni Àṣàkẹ́. Bàbá Mùfú àti bàbá Àṣàkẹ́ pààlà oko, wọ́n sì jà lórí igi igbá kan tó wà láàárín. Ọ̀kan ní òun ló ni igi, òun ló ń kó èso rẹ̀ fún irú; èkejì ní irọ́ ni. Ìjà ilẹ̀ ti wà láàárín ìlú méjèèjì kí wọ́n tó bí wọn, nítorí náà ọ̀rọ̀ igi kan di ọ̀rọ̀ ńlá. Ta ló jẹ̀bi? N kò mọ̀, n kò sì béèrè. Bàbá Àṣàkẹ́ ti kú báyìí. Ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá náà ní Òṣogbo ni wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó. Ìyá ìyàwó kò wá síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni bàbá ọkọ kò lọ.

Mùfú ní, “Ìyá tèmi ti kú. Àwọn obìnrin agbo ilé ló ń gba ọmọ wẹ̀ lọ́wọ́ ara wọn. Ìyá Àṣàkẹ́ ló yẹ kó máa wẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì fojú kan ọmọ náà. Àṣàkẹ́ kò jẹun mọ́. Ọmú ti fẹ́ gbẹ.”

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ìdí tí “ọwọ́ lómi” mi fi di ẹkún. Ọwọ́ tó yẹ kó wà nínú omi kò sí níbẹ̀.

“Ẹ bá mi lọ bẹ ìyá náà,” Mùfú wí. “Bí èmi bá lọ, wọn ò ní dáhùn. Ẹ̀yin kì í ṣe ọmọ Ìlobù, ẹ kì í ṣe ọmọ Ìfọ́n.”

Mo wo ẹsẹ̀ mi, ó wú bí búrẹ́dì. Mo ní, “Báwo ni Ìfọ́n ti jìnnà tó?”

Ó nawọ́ sókè. “Ẹ rí ilé tí páànù rẹ̀ ti pupa yẹn, lẹ́yìn igi máńgòrò? Ilé ìyá nìyẹn.”

Mo rò pé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ibi tí ó nà sí, bí mo bá ju òkúta dáadáa, yóò dé òrùlé náà. Adìyẹ kan tiẹ̀ ń ti ọ̀hún bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ó ń ṣa nǹkan jẹ, kò bi ẹnì kankan léèrè. Àwa ti rìn láti Ìjẹ̀bú, a la odò, a gun òkè, ìyá kan kò sì lè la ọ̀nà kan kọjá lọ wo ọmọ ọmọ rẹ̀! Inú bí mi. Mo gbàgbé ẹsẹ̀ mi, mo ní ká lọ.

Ilé ìyá Àṣàkẹ́

Ìyá kékeré kan ni, ó ró ìró funfun, ó fi ìlẹ̀kẹ̀ funfun sọ́rùn. A dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Níbo lẹ ti ń bọ̀?”

“Ìjẹ̀bú-Òde ni, mà.”

“Ọkọ̀ wo lẹ wọ̀ wá?”

“Ẹsẹ̀ ni, mà.”

Kò rẹ́rìn-ín, kò sì béèrè ẹni tó kú. Ó fa ẹsẹ̀ mi wá sọ́dọ̀ rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó wọlé, ó bu òrí wá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi pa ìléròrò náà. Ẹ gbà mí! Ìyá tó tó ìyá mi àgbà ló di ẹsẹ̀ mi mú. Mo fẹ́ fà á kúrò.

“Fẹsẹ̀ sílẹ̀,” ó wí. “Ẹsẹ̀ tó rìn tó báyìí, ó yẹ ká kí i.”

Káyọ̀dé ló jíṣẹ́. Ó ní Mùfú ló rán wa, ọ̀la ni wọn yóò sọ ọmọ lórúkọ, Àṣàkẹ́ kò jẹun. Ìyá náà ń pa òrí lọ, kò wò wá lójú.

“Ọjọ́ tí wọ́n bí i, mo gbọ́ igbe rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé mi níhìn-ín ni mo dúró sí. Láràárọ̀ tí wọ́n bá ń wẹ̀ ẹ́ ni mo ń gbọ́ ọ. Omi wọn tutù jù. Ọmọ tí omi tútù bà, igbe rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọmọ tí ebi ń pa.”

Orí mi gbóná. Mo ní, “Kí ló wá dá yín dúró, mà?” Káyọ̀dé já mi léèékánná.

Ìyá náà kò bínú. Ó ní, “Kí ọkọ mi tó kú, ó mú mi búra. Mo fọwọ́ kan ilẹ̀ níwájú Òòṣà, mo ní ẹsẹ̀ mi ò ní tẹ ilẹ̀ Ìlobù láéláé. Kí n wá ṣe é báwo? Ẹni tó bá bá ènìyàn ṣèlérí lè lọ bẹ̀ ẹ́. Ọkọ mi ti lọ, ta ni n ó bẹ̀?”

Ó dìde, ó ní àlejò kì í wá sílé òun kó lọ lófìfo, ó sì wọ ibi ìdáná lọ. Baálé ilé wọn, bàbá arúgbó kan tó ti ń wò wá láti ìbẹ̀rẹ̀, fa àga rẹ̀ súnmọ́ wa, ó ń bi wá léèrè bí òkun ti rí, bíi pé gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú ló ń sùn létí òkun.

Àtẹ́

Iyán funfun, ó fúyẹ́, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ìgbín tó tóbi tó ìkúùkù ọwọ́. Ẹ̀yin ará ilé, itọ́ dà lẹ́nu mi. Mo bù ú, mo fi kan ọbẹ̀, mo gbé e sẹ́nu. Kò níyọ̀! Kò sí epo pupa níbẹ̀ pẹ̀lú, òrí ni wọ́n fi sè é. Mo wojú ìyá, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Mo gbé e mì. Mo rò pé ìyá tó wà nínú ìbànújẹ́ ló gbàgbé iyọ̀.

Káyọ̀dé rò bẹ́ẹ̀ náà, ṣùgbọ́n Káyọ̀dé kì í rò ó kó mọ níbẹ̀. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti tọwọ́ bọ àpò, ó ti yọ agolo ìyá àgbà rẹ̀, ó sì ti wọ́n iyọ̀ sínú àwo ọbẹ̀ náà. Díẹ̀ ta sílẹ̀. Ó tiẹ̀ yíjú sí Baálé pẹ̀lú ọ̀yàyà, ó ní, “Sà, ṣé kí n fún yín díẹ̀?”

Baálé fò dìde. “Iyọ̀! Iyọ̀ nílé Òòṣà! Yéè!”

Obìnrin kan gbá àwo náà kúrò níwájú wa. Òmíràn gbá ọmọ rẹ̀ mú kó má fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ibẹ̀. Ìyá Àṣàkẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà ibi ìdáná, ọwọ́ lé orí. Ẹ̀rù tó bà mí nígbà náà, ọkọ̀ tí kò mọ ọ̀tún kò bà mí lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó sọ fún wa pé àtẹ́ ni wọ́n ń jẹ nínú ilé yẹn, pé ẹni tó ń sin Òòṣà funfun kò gbọdọ̀ tọ́ iyọ̀ wò, iyọ̀ kò sì gbọdọ̀ wọlé rárá.

Ìyá náà ní, “Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Wọn ò mọ̀.”

“Bí wọn ò bá mọ̀,” Baálé wí, “ẹni tó gbà wọ́n sílé mọ̀. Ilé ta lẹ sùn?”

A sọ fún un. Ó ní ká lọ sọ fún onílé wa pé àlejò rẹ̀ ti ba ilé jẹ́, kó wá gbọ́ tẹnu òun.

Ọ̀ràn àlejò

Báwo la ti dé Ìlobù? N kò mọ̀. Káyọ̀dé ń sunkún, kì í sì í ṣe nítorí àkàrà lọ́tẹ̀ yìí. Nígbà tí a ròyìn, Mùfú jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àṣàkẹ́ kò tiẹ̀ sunkún mọ́, èyí ló sì burú jù. Mo mọ̀ pé a ti ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ kọjá àtúnṣe.

Bàbá Mùfú gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ń retí pé yóò fi igi lé wa jáde. Ó kàn béèrè pé, “Ṣé iyọ̀ náà kan ilẹ̀?”

“Ó kàn án, sà.”

Ó fi àdá sílẹ̀, ó wẹ ọwọ́, ó wọlé. Nígbà tó jáde, ó ti wọ agbádá, ó ti dé fìlà, ó sì gbé igbá ìgbín dání.

“Bàbá, níbo lẹ ń lọ?” Mùfú wí.

“Ìfọ́n.”

“Ẹ̀yin?”

“Àlejò ta ni wọ́n? Bí àlejò mi bá ṣẹ̀, ṣé kí n ní kí onílé ẹlòmíràn lọ bẹ̀bẹ̀ ni?” Ó wò wá. “Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ. Ẹ ti rìn ju báyìí lọ.”

A la ọ̀nà náà kọjá. Àwọn tó rí bàbá ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn. Awakọ̀ akẹ́rù kan tiẹ̀ dúró. Bàbá wọ agbo ilé náà, kò kí ẹnikẹ́ni, ó gbé igbá ìgbín kalẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ tàgbádá-tàgbádá nínú eruku níwájú Baálé àti ìyá náà.

“Àlejò mi ló ṣẹ̀. Ọ̀ràn àlejò, ọ̀ràn onílé ni. Mo mú ìgbín wá, kí ẹ fi omi rẹ̀ tu ilé lójú.”

Ìyá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Ẹ dìde, Bàbá Mùfú. Ẹ dìde. Àgbà kì í pẹ́ nínú eruku.”

Kò dìde. Ó ní, “Kì í ṣe ti iyọ̀ nìkan. Ọmọ ń sunkún.”

“Mo ń gbọ́ ọ.”

“Ìyá rẹ̀ ò jẹun.”

“Ẹsẹ̀ mi ni, Bàbá Mùfú. Mo ti fi ẹsẹ̀ mi búra, ọkọ mi ló gbọ́ ọ.”

Bàbá gbọn eruku kúrò láyà, ó dìde díẹ̀díẹ̀, ó bọ́ fìlà, ó bọ́ agbádá, ó kó wọn lé mi lọ́wọ́. Ó yíra padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ìyá tó fẹ́ pọn ọmọ.

“Ẹsẹ̀ yín ò ní kan ilẹ̀,” ó wí. “Ẹ wá, kí n pọ̀n yín.”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó sì dá a dúró kíá. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àgbàlagbà náà ti ń ṣàìsàn ni. Ẹ fojú inú wò ó: ẹni tó bá ọkọ ìyá náà jà di ojú ikú, ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún un níwájú gbogbo agbo ilé! Ìyá náà wo Baálé. Baálé wo ilẹ̀. Ó ní, “Ẹsẹ̀ lo fi búra. O ò fi ẹ̀yìn ẹlòmíràn búra.”

Ìyá náà súnmọ́ ọn, ó fọwọ́ lé èjìká rẹ̀, ó sì gun ẹ̀yìn bàbá.

Wíwẹ̀

Ó fúyẹ́, ṣùgbọ́n bàbá náà kì í ṣe ọmọdé. Àwa méjèèjì rìn ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọwọ́ wa nà jáde bí ẹni tó fẹ́ gbá omi mú. Ní gbogbo ọ̀nà, ìyá náà ká ẹsẹ̀ sókè, ó di etí ìró rẹ̀ mú. Wọ́n gbé e dé yàrá, wọ́n gbé e lé àpótí, wọ́n fi ọpọ́n sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kó má bàa kan ilẹ̀. Àṣàkẹ́ rí i, ó ṣubú lulẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀.

“Dìde, lọ gbé omi kaná,” ìyá rẹ̀ wí. “Kí ló dé tí ọmọ yìí rù báyìí?”

Ó na ẹsẹ̀, ó tẹ́ ọmọ lé e, ó fi ìgúnpá tọ́ omi wò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ ẹ́. Ọmọ náà sun ẹkún díẹ̀, ó dákẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé iyán wá fún Àṣàkẹ́, ó jẹ ẹ́ tán, ó tún béèrè. Kí ilẹ̀ tó ṣú, bàbá pọn àna rẹ̀ padà sílé.

Káyọ̀dé gbẹ́ ihò lẹ́yìn ilé Mùfú, ó sin agolo iyọ̀ náà síbẹ̀. Láti ibẹ̀ dé Ìlọrin, kò tọ́ iyọ̀ lá mọ́, n kò sì bá a jà mọ́ lórí súfèé.

Àárọ̀ ìsọmọlórúkọ

Kò sẹ́ni tó lè lé wa lọ kí wọ́n tó sọ ọmọ lórúkọ. Ìdájí la tún tẹ̀lé bàbá dé Ìfọ́n. Ìyá náà ti múra, àlà rẹ̀ ń tàn. Ó gun ẹ̀yìn bàbá, a gbéra.

Iṣẹ́ àná ti tán bàbá lókun. A ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ Ìlobù, níwájú ilé kejì, ni orúnkún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Èémí rẹ̀ ń ké. Mùfú sáré wá, ó ní kó gbé ìyá fún òun.

“Kúrò níbẹ̀,” bàbá wí. “Kì í ṣe àna tìrẹ nìkan.”

Ó gbé ìṣísẹ̀ kan sí i, ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan. Kò jẹ́ kí ìyá náà ṣubú. Ìyá náà fọwọ́ gbá a léjìká.

“Ẹ sọ̀ mí kalẹ̀, Bàbá Mùfú.”

“Ìbúra ńkọ́?”

“Mo ní kí ẹ sọ̀ mí kalẹ̀. Ẹni tí mo torí rẹ̀ búra ti kú. Mo máa jókòó sẹ́yìn ẹni tó kù kí n pa òun náà?”

Kò dúró kí ó dáhùn. Ó na ẹsẹ̀ kan, ó tẹ ilẹ̀. Ó na èkejì. Gbogbo wa dúró gbọnrangandan, a ń retí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí i. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Bàbá Mùfú wà lórí ìkúnlẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀, ó bojú, ó ń sunkún bí ọmọdé, ìyá náà sì dúró tì í lórí ilẹ̀ Ìlobù títí ó fi sun ún tán.